Níbo Ni Igún Ìkirè àti Àpòmù Kó Lọ?

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò kọjá ní Aṣèjìrè, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun láti fa omi ẹ̀rọ wọ Ìbàdàn. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ tí yóò fi máa rí àwọn obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n gbé àtẹ lé orí lẹ́bàá títì. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń tà. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tọ́ ọ wò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a gún un, wọn a fi ata àti iyọ̀ sí i, wọn a sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ohun tí ará ìlú mìíràn ìbá dà sí ààtàn ni àwọn ará Ìkirè sọ di oúnjẹ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààtàn yìí wà lọ́kàn yín, olùkàwé mi ọ̀wọ́n, nítorí ẹ̀dá kan tó jẹ́ pé ààtàn ni tábìlì oúnjẹ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Akirè sì ni ọba wọn. Àpòmù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, Alápòmù ni ọba tiwọn. Àwọn ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í fi tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìlú àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n, ìlú ọjà sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà àná. Láyé ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà ni àwọn ará Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà sóko ẹrú, ibẹ̀ náà sì ni ìjà lórí ataare ti bẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìjà ọjà yẹn wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, tí ìlú Òwu fi di ahoro, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká títí dé Abẹ́òkúta. Òwò ataare péré o! Níbi tí ogun bá sì wà, igún kì í jìnnà. Jésù Olúwa wa pàápàá mẹ́nu kan ìwà ẹyẹ yìí ní Mátíù 24:28, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò tíì rí i rí.

Àwọn ọmọ Ìkirè òde òní kò rí i rí. Ìpàdé ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta ló gbé mi lọ sí ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ni ìpàdé náà ń wáyé, nítorí náà mo ní òwúrọ̀ mẹ́ta láti rìn káàkiri. Mo bi àwọn ọmọ ilé tí mo dé sí bóyá wọ́n mọ igún. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, nínú ìwé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bi mí bóyá ó ga ju àgùntàn lọ.

Ọmọdé tó bá dàgbà ní ìlú Yorùbá èyíkéyìí ní nǹkan bí 1980 kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la máa ń rí wọn lórí páànù ilé ìpẹran àti lórí igi àràbà, tí wọ́n la apá méjèèjì sílẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ìrì lára wọn, bí ẹni tó sá aṣọ. Ẹyẹ tiwa kì í ṣe igún ńlá inú ijù. Kékeré ni, bíi kílò méjì, aláwọ̀ ilẹ̀, orí rẹ̀ pá, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìránpò, bí inú bá sì bí i, ojú rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kò lágbára láti ya awọ ẹran. Ohun tí àwọn yòókù bá fi sílẹ̀ ló ń ṣà jẹ, ìdí sì nìyẹn tó fi fẹ́ràn láti máa gbé ọ̀dọ̀ ènìyàn: odò ẹran, ààtàn, ọjà. Ó ń jẹ ohun tí ìbá rà mọ́ wa lára, èyí tó pọ̀ nínú kòkòrò àrùn inú rẹ̀ a sì kú sínú ikùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kejì mo lọ sí odò ẹran. Bàbá alápatà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó lórí àpótí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o,” mo wí. “Níbo ni àwọn igún yín wà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Pásítọ̀, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Wọ́n ti kó lọ.”

“Wọ́n kó lọ síbo, sà?”

“Ta ni wọ́n dágbére fún?” Ó ronú díẹ̀. “Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Wọ́n mọ ọjọ́ ọjà ju àwa lọ. Bí a bá kun ẹran tán, kí a tó fọwọ́, wọ́n ti gbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, wọ́n ṣì wà. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ẹyọ mẹ́ta, ẹyọ mẹ́rin ni à ń rí. Lẹ́yìn ìyẹn n kò kà wọ́n mọ́.”

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀ ní 1991, fóònù alágbèéká GSM sì dé Nàìjíríà ní 2001. Ọdún mẹ́wàá péré!

Ọ̀rọ̀ “kó lọ” tí bàbá yìí sọ mú mi rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Newent, ọkùnrin kan, Phillip Glasier, dá ọgbà kan sílẹ̀ ní 1967 fún ẹyẹ apẹranjẹ: àṣá, idì, òwìwí, àti igún pẹ̀lú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Jemima Parry-Jones, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin yìí ta ọgbà náà, ó kó ẹyẹ rẹ̀ kọjá òkun lọ sí South Carolina ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó sì tún kó wọn padà wá sí Newent. Ẹ ro ìnáwó àti wàhálà rẹ̀ wò. Ẹyẹ tí ènìyàn fọwọ́ bọ́ láti kékeré kò ṣeé ṣílẹ̀kùn fún pé kó máa lọ, ebi ni yóò pa á. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pa irú ọgbà bẹ́ẹ̀ dé gbọ́dọ̀ wá ilé fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kan àpótí, kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba méjì, kí ó tó gbéra.

Àwa náà ní ọgbà tiwa ní Ìkirè àti Àpòmù. Kò ní ògiri, kò ní alákòóso, ẹnikẹ́ni kì í san owó ìwọlé, ṣùgbọ́n àwọn baba wa fi òfin yí i ká. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí: ta ni kò mọ òwe yẹn? Ọgbà náà ti wá tì, kò sì sí ẹni tó kan àpótí fún ẹyẹ kankan.

Kì í ṣe Ìkirè nìkan. Ní 2015 ni IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́, fi igún tiwa yìí sí ipò tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ nínú igbó. Àwọn onímọ̀ tó ṣàyẹ̀wò irú igún mẹ́jọ ní Áfíríkà rí i ní 2016 pé méje nínú wọn ti dín ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìran mẹ́ta. Nínú ikú igún tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìdá 61 nínú 100 jẹ́ ti májèlé, ìdá 29 sì jẹ́ ti òwò oògùn ìbílẹ̀. Igún kì í sì í tètè bímọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé lọ́dún, ọmọ rẹ̀ a sì wà nínú ìtẹ́ fún oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pa ìyá, bí a bá gé igi àràbà tí ìtẹ́ wà, ọdún yẹn ti ṣòfò.

Májèlé àti oògùn ìbílẹ̀ tí mo dárúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní Guinea-Bissau ní 2020, igún tó lé ní 2,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì bá òmíràn láìlórí. Ẹni tó fẹ́ ta orí igún kì í sáré lé e pẹ̀lú ìbọn. Yóò fi oògùn apakòkòrò tí a ń fín sóko sára ẹran, yóò sì fara pamọ́.

Mo rí irú orí bẹ́ẹ̀ ní ọjà Àpòmù. Ìyá lẹ́kùlẹ́jà kan pàtẹ egbò, èèpo igi, awọ ọ̀bọ, ọ̀gà gbígbẹ àti àwọn nǹkan mìíràn.

“Ìyá, ẹ kú ọjà o.”

“Pásítọ̀, ẹ kú àbọ̀. Kí ni Jésù rán yín wá rà lọ́wọ́ mi?”

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ìbéèrè ni mo bá wá. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó tú ìwé ìròyìn kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, ó gbẹ, ó dúdú. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá báyìí, ó wí, kò sí ní ìlú wa mọ́. Owó rẹ̀ ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rà ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ó ní àwọn kan ń fi wá àwúre ọjà, àwọn kan ń fi lé àjẹ́, àwọn kan ń fẹ́ ẹ̀mí gígùn, nítorí gúnnugún kì í kú léwe. Ẹ gbọ́ o! Ẹyẹ tí wọ́n fún ní májèlé jẹ kí ó tó dàgbà tó láti yé ẹyin ni wọ́n fẹ́ fi gba ẹ̀mí gígùn.

“Àwọn wo gan-an ló ń rà á, ìyá?”

“Wọn kì í wá lójú ọ̀sán. Àwọn tiyín náà ń wá. Wọn a fi Bíbélì sílẹ̀ nínú mọ́tò.”

N kò bá a jiyàn. Àwọn tiwa wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo sì ń bá ẹ̀yin tí ẹ mọ ara yín sọ̀rọ̀ ní gbangba. Léfítíkù 11 ka igún mọ́ àwọn ẹyẹ tí a kò gbọdọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ Bíbélì sílẹ̀ ná. Bí májèlé bá pa ẹyẹ kan, sísá a sóòrùn kò lè fọ májèlé yẹn kúrò nínú ẹran ara rẹ̀. Àwọn ìyá kan ń lọ àgúnmu yìí sínú ẹ̀kọ fún ọmọ tí kò tíì lè sọ ibi tó ń dùn ún. Oògùn kòkó tí bàbá rẹ̀ ń bo imú kí ó tó fín, òun ni ọmọ náà ń mu.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ lásán ni èyí, kí ó wo ilẹ̀ Índíà. Láti àwọn ọdún 1990 ni igún ibẹ̀ ti ń ṣubú lórí igi bí èso. Nínú irú kan, ó lé ní 99 nínú 100 tó run. Ní 2004 ni wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀: oògùn ìrora kan, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, ṣùgbọ́n òkú ẹran ti pọ̀ nílẹ̀, omi ti bàjẹ́, ajá ìgboro ti gba ipò igún, àti dìgbòlugi pẹ̀lú wọn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, gbé ìṣirò jáde ní 2024 pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú láàárín 2000 sí 2005 tí ìbá má kú bí igún bá wà.

Ẹgbẹ́ NCF tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó ní Nàìjíríà láti 1980 ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jíròrò, pé kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò igún nínú iṣẹ́ wọn. Mo sọ èyí fún ìyá lẹ́kùlẹ́jà. Ó ní ewé kò wọ́n òun, òun mọ ewé tó pọ̀. Oníbàárà ni kò ní gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, mo tún ya odò ẹran. Àwòdì méjì ń yípo lókè, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Wọn a já wálẹ̀ ṣòòrò, wọn a fi èékánná gbé ìwọ̀nba tí wọ́n lè gbé, wọn a sì tún gòkè, wọn kò dúró gbálẹ̀. Àwọn ajá tó tó mẹ́sàn-án sùn sí ìdí ògiri. Bàbá alápatà ti gba ọmọdékùnrin kan síṣẹ́, kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lé wọn.