Eré Àsápajúdé Lórí Tábìlì

Bí agogo bá ti lu mẹ́wàá alẹ́, tí àwọn ará ilé sì ti sùn, ọkùnrin náà a fa àga sún mọ́ tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Kò mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò ra epo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọ́pàá kan tí yóò bi í léèrè ìwé ọkọ̀. Bọ́tìnnì díẹ̀ lára kọ̀ǹpútà ni sítíárìn rẹ̀, àwọn náà sì ni iná àti bíréèkì rẹ̀. Síbẹ̀, òógùn a máa bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tí ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan.

Eré tí ó ń ṣe kì í ṣe tuntun. Stunts ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Distinctive Software ní British Columbia, ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó ṣe é, Brøderbund ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbé e jáde ní ọdún 1990. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, Lamborghini, Ferrari, Porsche àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn mọ̀. Òmíràn fò lórí ọ̀gbun, òmíràn lọ́ bí okùn tí a fi ọwọ́ lọ́, òmíràn sì dìde lóòró, ó yí òbìrìkìtì, tí ọkọ̀ yóò fi dorí kodò kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eré náà pàápàá lè la ọ̀nà tirẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé idán ni òbìrìkìtì náà. Kì í ṣe idán. Ọkọ̀ tí ń sáré a máa fẹ́ lọ tààrà, ọ̀nà ni ó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Títẹ̀ yìí ni ó ń lẹ táyà mọ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òkè ni ilẹ̀ ọ̀hún wà. Bí ó bá jẹ́ mítà 6 ni ó wà láti àárín òbìrìkìtì dé etí rẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa sá bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá dé góńgó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já bọ́ bí àgbọn tí ó gbó. Ṣùgbọ́n gígùn òkè a máa jẹ eré. Nítorí náà, ọkọ̀ tí kò bá ní ìrànlọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ wọlé pẹ̀lú eré bíi kìlómítà 62. Ní ọdún 2015, Terry Grant fi ọkọ̀ Jaguar gidi yí irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ ní Frankfurt, èyí tí ó ga tó mítà 19. Ofin kan náà ni ó gbé e.

Kọ́nà ni ó le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iye agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú ní òpin. Ẹni tí ń tẹ bíréèkì, tí ó sì ń yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan náà, dà bí ẹni tí ó ní náírà kan lápò tí ó fẹ́ ná an ní ọjà méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí kọ́nà náà yóò bèèrè lọ́wọ́ táyà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọ̀jáfáfá awakọ̀ fi ń tẹ bíréèkì nígbà tí ọ̀nà ṣì tọ́, tí ó ń tú u sílẹ̀ kí ó tó yí, tí ó ń ti etí òde wọ etí inú, tí ó sì tún ń jáde sí etí òde.

Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì mọ̀ ọ́n kí ó tó rí kọ̀ǹpútà rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ọdún kọkàndínlógún rèé, ó tẹ bíréèkì nínú kọ́nà. Ọkọ̀ yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi ọ̀pá rìn títí di òní.

Nínú fífò, ẹ̀wẹ̀, ìdájọ́ a máa ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, sítíárìn kò wúlò mọ́, bíréèkì di ọ̀ṣọ́; gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lókè ni a ti pinnu nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Buffalo, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú fífò bẹ́ẹ̀ kí eré Stunts tó wáyé rárá. Ìṣirò wọn ni a fi ṣe èyí tí ó wà nínú fíìmù The Man with the Golden Gun ní ọdún 1974, níbi tí ọkọ̀ kan ti fo odò ní ilẹ̀ Thailand, tí ó sì yí po lójú òfuurufú kí ó tó fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é.

Àmọ́ ènìyàn ni ó kọ òfin ayé inú kọ̀ǹpútà, ohun tí ènìyàn bá sì kọ kì í ṣàìní àlébù. Bí àwọn ọkọ̀ kan nínú Stunts bá ti ibi gíga sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré púpọ̀ nínú jíà tí ó ga jù, eré náà kì í dẹ̀ mọ́, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Power gear ni àwọn tí ó mọ eré náà ń pè é. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní èrú ni. Ṣùgbọ́n àlébù tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó sì ṣí sílẹ̀ fún olúkúlùkù, báwo ni a ó ṣe pè é ní olè? Láti ọdún 2001 ni ìdíje oṣooṣù kan ti ń lọ lórí eré àtijọ́ yìí, ọgbọ́n tí a fi ń lo irú àlébù bẹ́ẹ̀ sì ti di ara ẹ̀kọ́ awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́nrán ni ó yàtọ̀. Stunts a máa ka gbogbo bọ́tìnnì tí awakọ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè fi wọ́n tún ìrìn àjò náà ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá fọ́nrán dúró níbi tí ó wù ú, kí ó sì máa wakọ̀ lọ láti ibẹ̀. Bí ó bá gbá ògiri, yóò dá a padà díẹ̀, ògiri náà yóò sì di èyí tí a kò gbá rí. Àwọn ìdíje kan gba èyí láàyè, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Bí a bá sì rán ìrìn àjò kan pọ̀ láti inú ọgọ́rùn-ún, ojú kò lè rí ojú ìrán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi lépa ọ̀nà kan fún ìdíje tí ó kọ dídá fọ́nrán padà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá ni ó lè ṣe. Ní òru ọjọ́ kan, gbogbo nǹkan tò fún un, àfi kọ́nà tí ó gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ yọ̀, ó gbá ògiri, gíláàsì iwájú sán. Ọwọ́ rẹ̀ ti dá fọ́nrán padà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.

Àbúrò rẹ̀ wá kí i ní ọjọ́ kejì. Ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó jókòó, ó sì wo fọ́nrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èyí mà dára o! Ẹ tilẹ̀ gba kọ́nà ìkẹyìn yẹn bí ẹni pé ẹ bí i.”

Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó ní òun ń lọ gbé omi wá, ó sì pẹ́ nínú ilé.

Fọ́nrán ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá ni ó fi ránṣẹ́. Ipò kẹsàn-án ni ó gbà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún yà, ó bèèrè èyí tí òun wò níjọ́sí.

“Mo ti pa á rẹ́.”

“Kí ló dé?”

“Mo gbá ògiri nínú rẹ̀.”

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun kúrò lórí àga, òun náà fẹ́ wà á wò.