Ìtàn Eku ní Ilé Wa

Ní oṣù tí ó kọjá ni ìyá àwọn ọmọ wa ṣí ike gàrí ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó sì bá ìgbẹ́ eku lórí rẹ̀. Ó ní òun yóò dà á nù. Àwa ni a kọ̀. A ní owó oṣù akọ̀wé kò tó èyí tí a ń fi gàrí ṣòfò. A bu òkè rẹ̀ kúrò, a fi omi tutù rẹ ìyókù, a sì mu ún.

Ó wò wá títí, ó ní, “Bàbá Kẹ́hìndé, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa ń sọ ìtàn ìyá yín àgbà fún àwọn ọmọ?”

Ọmọdé ni ìyá wa àgbà ní ọdún 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó. Wọ́n ní eku ni ó kọ́kọ́ ń kú, lábẹ́ ibùsùn àti lẹ́yìn ìkòkò omi. Lẹ́yìn náà ni ibà yóò mú ènìyàn, tí kókó yóò sì so ní abíyá tàbí abẹ́ itan. Yersin ti rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong ní ọdún 1894. Ní ọdún 1898, ní ilẹ̀ Íńdíà, Simond sì fi hàn pé yọ̀rọ̀ ara eku ni ó ń gbé e kiri: bí òkú eku bá ti tutù, yọ̀rọ̀ a fi í sílẹ̀, a wá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ èyí fún agbo ilé wọn? Ìbẹ̀rù wolé-wolé mú kí wọ́n fi aláìsàn kan pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ènìyàn mẹ́ta ni ó kú nínú yàrá náà.

Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti wó àwọn ilé tí ó há, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Ẹni tí a wó ilé bàbá rẹ̀ kò gbàgbé. A kò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàgbé.

Ibà Lassa ni ó ń bà wá lẹ́rù ní tiwa. Ní ọdún 1969 ni a mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó pa Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa ní apá àríwá. Eku tirẹ̀ kì í kú láti kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ le, ó ń tọ̀ sínú oúnjẹ, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó lè tó ọjọ́ mọ́kànlélógún kí àrùn náà tó hàn lára ènìyàn.

Nítorí náà ni a ṣe ń ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, orí fọ́ wa, ara wa sì gbóná. Kí a má parọ́, ó wù wá kí a pa á mọ́, kí a ra oògùn ibà ní kọ̀rọ̀, kí ìtìjú má baà bá wa níwájú obìnrin tí ó ti kìlọ̀ fún wa. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ó sọ sí wa lọ́kàn. A jí i ní òru, a sọ fún un. Ní òwúrọ̀ a lọ sí ilé ìwòsàn. Kí dókítà tó fọwọ́ kàn wá ni a ti sọ ọ̀rọ̀ eku náà, nítorí omi ara aláìsàn Lassa lè kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ibà ẹ̀fọn ni.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá. Ìyá àwọn ọmọ wa ti ra garawa onídèérí méjì fún gàrí, a sì ti fi símẹ́ǹtì dí ihò ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò tíì jẹ́ kí a fọwọ́ kan garawa náà.