Láti Yábá dé Korle Bu, Lójú Ọ̀nà Ibà Pọ́njú

Bí o bá sọ fún ará Èkó pé Yábá lò ń lọ nítorí ọ̀rọ̀ ìṣègùn, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ lójú fínnífínní. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba òyìnbó ṣí síbẹ̀ ní 1907 ti gba gbogbo òkìkí àdúgbò náà. Ohun tí èmi ń wá kò jìnnà sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà tí mo bi léèrè kò gbọ́ ọ rí. Ní 1925, àjọ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà kó dókítà àti irinṣẹ́ wá sí Yábá, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dókítà Henry Beeuwkes ni olórí wọn.

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ojú aláìsàn á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n, tó bá sì le tán, á máa bì, èébì náà á dúdú bí àdí. Ó pa òyìnbó púpọ̀ ní etíkun wa nígbà ìjọba amúnisìn, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n náwó lé e lórí. N kò ní í purọ́ pé nítorí tiwa nìkan ni.

Lónìí, NIMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, ló wà ní Edmund Crescent ní Yábá, òun ló sì jogún ìtàn náà. Mo rin òpópónà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, mò ń wá òkúta tàbí pátákó kan lójú títì tí yóò dárúkọ Adrian Stokes. Ó lè wà nínú ọgbà níbì kan. Lójú títì, pátákó àwọn tó ń kọ́ni fún ìdánwò JAMB àti ti àwọn tó ń fi ilé háyà ni mo rí.

Ọmọ Ireland ni Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Guy's Hospital ní London. Kó tó dé, kò sí ẹranko tí ẹnikẹ́ni ti rí fi ṣe ìwádìí àìsàn yìí yọrí. Ènìyàn ni wọ́n ń lò, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe ní Kúbà ní 1900. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Bauer àti Hudson, ló fi hàn pé ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà lè kó o, ó sì lè pa á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu, ibà náà mú Stokes fúnra rẹ̀. Nígbà tó mọ ohun tó ń ṣe òun, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun sára ọ̀bọ, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òkú òun wò. Ọjọ́ 19 oṣù náà ló kú ní Èkó. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó ní kí wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yẹn kì í ṣe ti Èkó. Kpeve ló ti wá, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà báyìí. Mo di ẹrù.

Ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní kí gbogbo wa mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, jáde. Ẹni tí kò ní, á sanwó, á kọjá, láìgba abẹ́rẹ́ kankan. Ìyá kan tó jókòó tì mí láti Mile 2, oníṣòwò aṣọ, ní tirẹ̀, àmọ́ ó ti gbó débi pé òǹtẹ̀ rẹ̀ ń parẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti pé, kò wúlò mọ́. Mo dá sí i. Mo ní láti oṣù keje ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tó o títí ayé, ì báà jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára káàdì. Ọ̀gbẹ́ni náà bi mí bóyá dókítà ni mí.

"Ọmọ mi, dákẹ́," ni Ìyá wí. "Má jẹ́ kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀." Ó ti na owó sí i.

Lẹ́yìn tí a kọjá Kútọ̀nù, ó sọ ibi tó ti gba abẹ́rẹ́ náà fún mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Gánà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń ta ìkòkò àti àwo ní Kumasi, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àlejò jáde ní ìparí 1969. Wọ́n padà wálé. Nígbà tó di 1987, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì jà gidi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ rántí rẹ̀ dáadáa, Mà?"

"Báwo ni n kò ṣe ní í rántí? Lónìí ará ilé yìí, lọ́la ará ilé kejì. Omi tí a pọn sínú ìkòkò àmù, wọ́n ní ka dà á nù, ẹ̀fọn ń yé sínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ da omi nù? Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, a tò bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì. Wọn ò tiẹ̀ rọ ẹnikẹ́ni."

Mo sọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn fún un. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927, Dókítà Mahaffy, ọ̀kan nínú àwọn ará Yábá tí wọ́n rán lọ sí Gold Coast, fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ibà mú ní Kpeve. Asibi ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ń jẹ́, ọmọ ọdún 28. Ibà tirẹ̀ kò le, ara rẹ̀ sì yá. Ọ̀bọ tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kú. Láti ara ọ̀bọ dé ara ọ̀bọ ni kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀ náà gbà dé Yábá, láti ibẹ̀ ó ré òkun kọjá. Ní New York, Max Theiler, ọmọ South Africa, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ ọ léraléra nínú ẹran ara ọmọ inú ẹyin adìyẹ, títí agbára rẹ̀ láti pani fi lọ, tí ara ṣì ń dá a mọ̀. 17D ni wọ́n pè é. Ó jáde ní 1937, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Òun náà ni wọ́n ṣì ń gún fún wa lónìí.

Ìyá ronú díẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Gánà ló wà lára mi láti 1987, tí wọ́n sì lé mi ní Gánà?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò ṣàlàyé fún un pé kòkòrò inú rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an. Tirẹ̀ dára jù.

A pínyà ní Aflao. Òun kọrí sí Accra, èmi wọ tirótírò lọ sí Ho, mo sì tún wọ òmíràn. Ọ̀nà yẹn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ sáàárín òkè tútù, ilẹ̀ pupa, iṣu àti ògẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì. Kpeve kò tóbi. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni: ọkọ̀ ń dúró, àwọn obìnrin á sáré gbé igbá dé ojú fèrèsé, ọkọ̀ á tún gbéra. Mo jókòó lọ́dọ̀ télọ̀ àgbàlagbà kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi rí. Ó ní orúkọ àwọn ará àríwá nìyẹn, kì í ṣe ti Ewe. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó pe ẹnì kan tó dàgbà jù ú lọ, ìyẹn náà pe ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí àwa tó jókòó níbẹ̀ fi pọ̀, oníkálukú ń sọ ti abẹ́rẹ́ tó gbà nílé ìwé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé láti ìlú wọn ló ti jáde. Télọ̀ ní kí n kọ ọdún náà sílẹ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí tó fi ń wọn aṣọ.

Ní Accra, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilé ìwòsàn Korle Bu, tí Gómìnà Guggisberg ṣí ní 1923, ni Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, ti ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ó ti gbajúmọ̀ kó tó dé. Ní 1918, ní Guayaquil ní Ecuador, ó kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njú, ó sì ṣe oògùn sí i. Àwọn ará Yábá wá kòkòrò yẹn títí, wọn kò rí i lára aláìsàn kan. Noguchi bínú, ó wá fúnra rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1927. Ó ṣiṣẹ́ lóru, ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928 ni ibà pọ́njú pa á. Dókítà William Young, tó ń ràn án lọ́wọ́ ní Accra, tẹ̀ lé e kí oṣù náà tó parí. Kòkòrò tí Noguchi rí ní Ecuador, ti àìsàn mìíràn ni.

Síbẹ̀, yàrá tó ti ṣiṣẹ́ ṣì wà. Ère rẹ̀ wà nínú ọgbà níta. Nínú yàrá, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, awò amúǹkantóbi wà lórí tábìlì. Olórí ìjọba Japan, Koizumi, wá síbẹ̀ ní 2006, ọdún náà ni wọ́n sì dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní orúkọ Noguchi fún àwọn tó ń jà fún ìlera Áfíríkà. Ilé ìwádìí ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Legon láti 1979. Láti 2004, wọ́n tẹ ojú rẹ̀ sára owó bébà yen 1,000. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 2024, Kitasato, tó fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò.

N kò bínú sí i. Ẹni tó ní ènìyàn lẹ́yìn ni ilé rẹ̀ kì í wó, àwọn ará Japan kò sì fi tiwọn sílẹ̀ nítorí pé ó ṣìnà. Ohun tó dùn mí ni pé Yábá ló rí òdodo ọ̀rọ̀, tí Yábá sì ń ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin tó mú mi wọlé ti sọ̀rọ̀ yìí fún àlejò púpọ̀, ó dá mi lójú. Ẹnu rẹ̀ dán. Ó sọ bí Noguchi ṣe ṣubú sínú iná nígbà tó ṣì kéré tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jóná, bí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ọwọ́ náà ṣe wú u lórí láti di dókítà. Nígbà tó parí, mo dárúkọ Asibi.

Ó dúró. Ó ní òun mọ orúkọ náà, wọ́n kọ́ àwọn nílé ẹ̀kọ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí," ó ní. "Ọwọ́ tó jóná àti owó yen ni wọ́n sábà máa ń bèèrè."

Mo ní àyè wà lára ògiri yẹn. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní òun kọ́ ló ń gbé àwòrán kọ́ ọ, àmọ́ àwọn ọ̀gá òun máa ń ka ìwé àlejò. Ó fa ìwé náà wá, ó sì yá mi ní bírò. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ Èkó, mo bẹ̀rẹ̀ láti Kpeve, 1927. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àlejò kò gba ju ìlà kan lọ. Mo yí i sẹ́yìn, mo ń kọ ọ́ lọ.