Ohùn Màmá Tí Kọ̀ǹpútà Kò Gbà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni. Púpọ̀ nínú wa ló ní ohùn òbí nínú fóònù àtijọ́ tàbí káàdì kan tó ń sùn nínú àpótí. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi sínú fídíò, ẹ̀rọ á ní òun ò mọ̀ ọ́n, àwa náà á sì gbà pé ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í ni ẹ̀rọ tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú.

Tiwa rèé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá ṣòwò ní Jos, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí púpọ̀ nínú wa sí. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá Màmá ń bọ̀, a ní ká to fídíò kékeré kan fún àwọn ọmọ wa. Hausa ló yọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ yìí jù. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí a bá pè wọ́n, Hausa ni wọ́n á fi dáhùn. Màmá ló máa ń kì wọ́n ní òwúrọ̀, àwọn tó kéré jù nínú wọn ò sì bá a láyé.

Kálukú mú ohun tó ní wá. Àwa tí a wà ní Jos ní oríkì tí Màmá kì, ìṣẹ́jú 4, tí a fi fóònù kékeré alábọ́tìnì gbà sílẹ̀. Ìparí orúkọ fáìlì náà jẹ́ .amr. Ẹ̀gbọ́n wa tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyẹn .opus. Àbúrò wa tó wà ní London fi iPhone gba tirẹ̀, ìyẹn .m4a. Ètò tí a fi ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà gba ti London wọlé wẹ́rẹ́. Ó kọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kọ ti Màmá.

A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fídíò ìnáwó. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní fáìlì náà ti kú, ká pa á rẹ́ kí àyè lè wà lórí káàdì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a mú káàdì wa, a bá tiwa lọ. Ẹnìkan nílé tún dá a lábàá pé ká fi fóònù kan gbé ohùn náà sókè, kí fóònù kejì máa gbà á. Ẹ̀gbọ́n wa ní rárá o. Ariwo jẹnẹrétọ̀ á wọ̀ ọ́, adìyẹ á wọ̀ ọ́, ohùn tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ohùn lásán máa ń gba àyè púpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fún un mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ mọ́ inú Ghana-must-go. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ká tirẹ̀. AMR jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ìpè orí fóònù: ó ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kéré débi pé ìṣẹ́jú 4 tí Màmá sọ ò tó 400 KB. Opus dé ní 2012, òun ni WhatsApp ń lò fún ohùn tí a ń fi ránṣẹ́. Ètò tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀kan lè má mọ ti èkejì.

Àwọn kan máa ń yí ìparí orúkọ padà láti .amr sí .mp3, wọ́n á ní ó ti parí. Kò parí o. Bí ẹ bá kọ "iyọ̀" sí ara àpò gàrí, gàrí ló ṣì wà nínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ tú ẹrù náà, ká wá tún un dì.

Ohun tí a ṣe kò gba owó. Lákọ̀ọ́kọ́, a da fáìlì náà kọ síbi méjì, a ò sì fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ mọ́. Ti WhatsApp, inú fódà tó ń jẹ́ WhatsApp Voice Notes la ti rí i lórí fóònù Android. Lẹ́yìn náà a lo Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Òun nìkan lè má ṣí .amr tàbí .opus, ẹ ní láti fi FFmpeg kún un, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Bó bá ti ṣí, ẹ lọ síbi Export, ẹ mú WAV, 16-bit, kí ẹ sì kọ 48000 síbi Sample Rate. Ẹni tí kò bẹ̀rù àtitẹ àṣẹ lè lo FFmpeg nìkan, ìlà kan péré ni:

ffmpeg -i mama.amr -ar 48000 -c:a pcm_s16le mama.wav

Kí ló dé tí a mú WAV? MP3 máa ń ju díẹ̀ nù nínú ohùn nígbàkígbà tí a bá tún un dì, WAV kì í ju nǹkan kan nù. Ó tóbi lóòótọ́: 400 KB Màmá di bíi 23 MB. Àmọ́ tí fídíò bá ti parí, ẹ lè pa WAV rẹ́, ẹ ṣáà má pa ti àkọ́kọ́. Ti 48000 yẹn ńkọ́? Òun ni fídíò sábà máa ń lò, ti àwo CD sì jẹ́ 44100. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohùn tó wà nínú fídíò kan jẹ́ iye kan náà, kí ọ̀rọ̀ má bàa máa sá fún ẹnu. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń yí fáìlì padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà o, àmọ́ a ò fẹ́ gbé ohùn ìyá wa lọ sílé ẹni tí a ò mọ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ ní láti mọ̀: yíyí padà kì í dá ohun tó ti sọnù padà. AMR ti gé òkè ohùn kúrò láti ọjọ́ tí Màmá ti sọ̀rọ̀. Dò, re, mí ohùn Yorùbá ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, ó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún ni ìró s wà, nítorí náà s àti f máa ń jọra lórí fóònù.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wá dé. Nígbà tí a tẹ fídíò náà fún àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Kí ló dé tí Màmá Àgbà fi ní ká má fẹ́ ilé baba wa?" Ilé dákẹ́. A tún un gbọ́. Lóòótọ́, bó ṣe ń dún nìyẹn: ẹ má fẹ́ ilé baba yín. Ẹlòmíì nínú wa tiẹ̀ ń rántí ìgbà tí inú Màmá bà jẹ́ sí àwọn ará ilé Bàbá.

A pe ẹ̀gbọ́n Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́, a gbé ohùn náà sí i létí. Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, etí yín mà di o. Sẹ́ ló wí. Ẹ má sẹ́ ilé baba yín. Ohun tí ìyá tiwa náà máa ń sọ fún wa nìyẹn."

Lẹ́yìn èyí, a jókòó tì í lórí fóònù, a kọ gbogbo oríkì náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, a sì fi í sí ìsàlẹ̀ fídíò kí àwọn ọmọ lè máa kà á bí Màmá ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ tí àwa fúnra wa ò mọ ìtumọ̀ wọn. Ìyá ló sọ ọ́ fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ yẹ àwọn káàdì àtijọ́ yẹn wò. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín mọ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e fún un pẹ̀lú ìlà tí a kọ sókè yìí. Àmọ́ ẹ tètè wá àgbà tí yóò bá yín gbọ́ ọ. Fáìlì lè dúró dè wá ní ọdún mẹ́wàá mìíràn. Ẹni tó mọ̀ pé sẹ́ ni, pé kì í ṣe fẹ́, ò lè dúró títí.

Ẹni tó bá há síbì kan, kó béèrè nísàlẹ̀ níbí, a ó dáhùn. Ohùn àwọn òbí wa ò ní parẹ́ láàárín wa o.