Tẹ̀dó Kí O Tó La Ọ̀nà

Bọ́ọ̀dù kan wà tí mo so kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà. Òun ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi yà. Wáyà pupa mọ́kànlá ló fò kọjá lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀nà bàbà abẹ́ rẹ̀ há mọ́ra débi pé mọ́kànlá nínú wọn kò ríbi gbà. Ọmọṣẹ́ tuntun tó bá wọlé tọ̀ mí wá, kí n tó fún un ní ohunkóhun, mo máa ń gbé bọ́ọ̀dù yìí lé e lọ́wọ́, màá ní kó ka àwọn wáyà náà.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Abúlé wa wà lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti jẹ́ oúnjẹ tó sì tún jẹ́ owó. Rédíò bàbá mi, tí àwọn àgbà ilé wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ló kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀dù hàn mí. Lọ́jọ́ tó dákẹ́ tí mo tú ìdí rẹ̀, mo rí pẹpẹ kan tí nǹkan kéékèèké kún ojú rẹ̀ kan bí èso, tí ìlà bàbà sì ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kejì. Mo ní ọ̀nà oko nìyí. Títí di òní, n kò tíì rí orúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2021, lásìkò tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná Èkó sí Mọ́níyà, mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ínfátà ṣe. Odidi ọdún kan, iṣẹ́ tèmi kò ju kí n jó lẹ́ẹ̀dì, kí n yọ èyí tó bàjẹ́, kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún kejì, ọ̀gá pè mí. Wọ́n ní, "Ilé onílé lo ti ń tún ṣe látọjọ́ yìí. Wá kọ́ tìrẹ."

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sin adìyẹ lápá Ẹgbẹ́dá. Ìyá náà ní àpótí ìsàba, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ adìyẹ tó jókòó lé ẹyin. Gílóòbù mẹ́rin oní-100 wáàtì ló ń mú inú rẹ̀ gbóná. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni bọ́ọ̀dù tí yóò máa tan gílóòbù náà, tí yóò sì máa pa á, kí ooru lè dúró sí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 21 tí ẹyin adìyẹ fi ń di ọmọ. Bí ooru bá fi ìwọ̀n méjì-mẹ́ta ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí bíi mélòó kan, ọmọ inú ẹyin lè kú. Kí ìyá náà tó lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí purọ́ fún mi o. Ẹyin kì í ké."

KiCad ni ọ̀gá fi kọ́ mi. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Pierre Charras, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1992. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn sì máa wà á sórí kọ̀ǹpútà, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé abúlé. Èèyàn á kọ́kọ́ ya àwòrán tó fi hàn pé èyí so mọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀yà yóò dà sílẹ̀ gììrì lórí pẹpẹ òfìfo, tí òwú tín-ín-rín yóò so gbogbo àwọn tó ní nǹkan ṣe pọ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ méjì ló kù lẹ́yìn ìyẹn: kí a fi oníkálukú sí àyè rẹ̀, kí a sì sọ òwú wọ̀nyẹn di ọ̀nà bàbà.

Mo to tèmi kó lè dùn-ún wò. Gbogbo résísítọ̀ wà lórí ìlà kan, gbogbo kapásítọ̀ lórí ìlà kejì, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lójú kan, IC, ọpọlọ bọ́ọ̀dù náà, sì wà láàárín, bí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó tuntun. Òru mẹ́ta ni mo fi la ọ̀nà. Bí mo bá la ọ̀kan, á dí méjì. Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀gá, wọn kò wo àwọn ọ̀nà náà rárá. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń bá ta ṣe nínú ilé yìí?" N kò lè dáhùn. Wọ́n ní, "Nínú agbo ilé, ṣé gbogbo ọkùnrin ló ń sùn sí yàrá kan, kí gbogbo ìyàwó wà ní ìkejì, kí àwọn ọmọ wà ní ìkẹta? Ìdílé la fi ń pín ilé. Ṣùgbọ́n lọ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ rí i."

Mo sì ṣe é. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Aládìrẹ a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ, aró kò sì ní mú ibi tí ẹ̀kọ bá bò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn ṣe hàn lára àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Pẹpẹ tiwa nípọn tó mìlímítà 1.6, bàbà tó bo ojú rẹ̀ kò sì ju máíkírómítà 35 lọ, kò nípọn tó irun orí. A ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà tẹ àwòrán sórí bébà dídán, a ó dojú rẹ̀ dé bàbà, a ó fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tẹ̀ ẹ́ títí dúdú rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn, a ó wá rẹ ẹ́ sínú omi ferric chloride nínú abọ́ rọ́bà. Ibi tí dúdú bò yóò kù. Omi á jẹ ìyókù tán. Ọmọ Vienna kan, Paul Eisler, ti fi irú bọ́ọ̀dù onílà bàbà báyìí ṣe rédíò ní London lọ́dún 1936. Ohun tí a ń fi abọ́ rọ́bà ṣe ní Mọ́níyà kò jìnnà sí tirẹ̀.

Bọ́ọ̀dù náà tan. Inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́ ni àkọ́kọ́. Ojú bọ́ọ̀dù ń kọ 40, ṣùgbọ́n tẹmómítà tí a fi sínú àpótí ń wí pé 36. LM35 ni ẹ̀yà tí ń wọn ooru. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, 7805 náà sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ni mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ 7805 ni kó sọ fólútì 12 di 5, fólútì méje tó ń gbé sílẹ̀ a sì máa di ooru. Mo ti gbé ẹlẹ́rìí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo wá ń bi í léèrè bóyá ilé gbóná.

Mo fi wáyà gbé LM35 lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó sọ òtítọ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá tún ń fò sókè sódò. Mílífólútì mẹ́wàá péré ni LM35 fi ń sọ ìwọ̀n kan. Bí ooru bá jẹ́ 37.5, mílífólútì 375 ni gbogbo ohùn rẹ̀. Mo sì ti mú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ríléè, ẹ̀yà tí ń tan gílóòbù tó sì ń pa á. Ariwo mílífólútì ogún ti tó láti fi ìwọ̀n méjì kún un, ìwọ̀n méjì yẹn sì ni ìyá ẹlẹ́yin ń bẹ̀rù.

Àìsàn kejì ni gìrì. Bí ríléè bá ti dún "kẹ́", ojú bọ́ọ̀dù á ṣókùnkùn, IC á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kapásítọ̀ kékeré kan wà, 100 nF, tó yẹ kó dúró ti IC bí àmù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá: bí òùngbẹ bá gbẹ IC lójijì, ibẹ̀ ni yóò ti bu mu. Àmù tèmi wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí i, lórí ìlà àwọn kapásítọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni ọ̀nà àbọ̀. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Iná tó jáde gbọ́dọ̀ padà sílé, mo sì ti ní kí iná ríléè tó ń ké àti iná IC tó ń ronú jọ gba ọ̀nà tóóró kan padà. Bí ríléè ṣe ń rọ́ kọjá, ó ń ti IC sínú igbó.

Àìsàn kẹta ni ọ̀gá fúnra wọn rí, wọ́n sì yọ wáyà kúrò ní sókẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mìlímítà kan péré ló wà láàárín ọ̀nà iná ìjọba, fólútì 230, àti ọ̀nà fólútì 5 tí ọwọ́ èèyàn lè kàn. Ọ̀gá ní, "Èyí kì í ṣe àṣìṣe iṣẹ́. Òkú ni." Wọn kò pariwo. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà.

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá bàbá mi lójú ilẹ̀ tuntun. Wọn kò tíì kọ ebè kan. Wọ́n ń wo ibi tí odò gbà, ibi tí ìrókò wà, ibi tí ọ̀nà abúlé ti wọlé, gbogbo ohun tí agbára wọn kò lè ṣí nípò. Wọ́n gbin pèrègún sí ààlà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi àmì sí ibi ahéré, tí wọ́n sì fi ọgbà iṣu sí tòsí rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n dá ọ̀nà oko rò lọ́tọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ yóò máa gbà ti hàn láti ara ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí.

Mo padà sí Mọ́níyà, mo pa gbogbo ọ̀nà mi rẹ́. Àwọn tí kò ṣeé ṣí nípò ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀: ihò ìdè mẹ́rin, ojú tí ń kọ nọ́ńbà, ibi tí iná ìjọba ti ń wọlé. Mo ya ààlà mìlímítà mẹ́jọ sáàárín ilẹ̀ fólútì 230 àti ilẹ̀ fólútì 5, mo sì gé pẹpẹ náà ní ihò gbọọrọ lábẹ́ ríléè. Pèrègún mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni IC, ATmega328P, jókòó; kírísítà tí ń lu ìlù fún un, ìgbà mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀; àmù 100 nF rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ríléè, tiransísítọ̀ àti dáyóòdù rẹ̀ jẹ́ ìdílé kan ní igun tiwọn. 7805 lọ sí etí kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí mo ṣe ń gbé wọn, òwú tín-ín-rín wọ̀nyẹn ń tú ara wọn sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo to àwọn ẹ̀yà gidi lé e lórí, mo wò ó títí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀dó. Ọ̀nà lílà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ: ọ̀nà gílóòbù tí ń gbé áḿpíà 1.7 fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta, IC àti ríléè sì ní ọ̀nà àbọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó pàdé lójú kan ṣoṣo, níbi tí iná ti jáde. Wáyà pupa kan péré ló fò.

Ìyá ẹlẹ́yin fi kíréètì kan, ọgbọ̀n ẹyin, dán an wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, fóònù mi dún. Wọn kò kí mi, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé fóònù sẹ́nu àpótí náà, mo sì gbọ́ ohùn àwọn òròmọdìyẹ.

Lónìí mo máa ń fi Gerber, fáìlì àwòrán bọ́ọ̀dù, ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ní Shenzhen, nílẹ̀ Ṣáínà, bọ́ọ̀dù olójú méjì á sì padà wá tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ wà tó lè la ọ̀nà fúnra rẹ̀. KiCad náà ní àyẹ̀wò tó ń sọ bí ọ̀nà méjì bá súnmọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó mọ̀ pé 7805 ń gbóná, pé LM35 ń rọra sọ̀rọ̀, tàbí pé ọmọ ẹnìkan lè fọwọ́ kan ibí. Olùtẹ̀dó ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ìgboro Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba: ilé ti fún mọ́ ilé kí mọ́tò tó dé, ọ̀pọ̀ ilé ló sì wà níbẹ̀ lónìí tí ọkọ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ Lálúpọn, ọmọ Akanran, ọmọ Ẹ̀rúnmu tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí: bí ọ̀nà kò bá là mọ́ lórí bọ́ọ̀dù rẹ, má ṣe jókòó ti ọ̀nà náà lóru. Pa á rẹ́. Béèrè ẹni tó ń bá ẹnìkejì ṣe, ẹni tó ń gbóná, ẹni tó ń pariwo, ẹni tó lè pani. Fi oníkálukú sí àyè rẹ̀, kí o tó la ọ̀nà.