Akólòlò Á Pe Baba: Bí Mo Ṣe Rí Àkọsílẹ̀ Ikú Bàbá Màámi ní Accra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Òwe yìí ṣẹ mọ́ mi lára nígbà tí mo ń wá ọjọ́ tí bàbá àgbà, bàbá tó bí màámi, jáde láyé. Accra ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n kú sí, ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé nígbà náà, tí à ń pè ní Lagos Town. Accra New Town ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí.

Kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn lásán ló gbé mi dé ibẹ̀. Àbúrò kan ṣoṣo ni màámi ní. Ẹ̀yìn ikú bàbá àgbà ni ìyá wọn bí i, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ Babátúndé. Bọ̀ọ̀dá Túndé ni èmi ń pè wọ́n. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1957 ni ó wà nínú ìwé tí ilé ìgbẹ̀bí kọ. Ṣùgbọ́n nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹbí kan dì í mú pé ọdún 1955 ni bàbá àgbà ti kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ta wá ni Bọ̀ọ̀dá Túndé? Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní gbangba, àmọ́ bí wọ́n bá ń pín nǹkan ẹbí, a kì í ka Bọ̀ọ̀dá Túndé mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé, ọjà àti owó tí wọ́n yá ènìyàn sílẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ìwé ìdílé wa, ìwé ìgbẹ̀bí yẹn nìkan ni ìyá àgbà dì mọ́ ìṣẹ́tí ìró dé ilé.

Kíkọ ikú sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun ní Accra. Ọdún 1888 ni ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gold Coast ti ṣe òfin ibi ìsìnkú, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ òkú sínú ìwé. Ọdún 1912 ni òfin tó kan ìbí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo gbé ìrètí lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ ìbí àti ikú sí. Mo dárúkọ bàbá àgbà bí a ṣe ń pè é nílé: Bùráímọ̀. A wá a tì. Mo padà lọ́wọ́ òfìfo.

Màámi ló là mí lójú. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ohun tí à ń pè wọ́n nílé ni àwọn ará Gánà ń pè wọ́n? Alata ni gbogbo wa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn.” Alata ni orúkọ tí àwọn Gá fi ń pe ọmọ Nàìjíríà, ó wà lára orúkọ ọṣẹ dúdú níbẹ̀ títí di òní, alata samina. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀rọ̀ àyálò gbàgbé pé orúkọ náà ń wọ aṣọ èdè tó bá dé. Ibrahim ti èdè Lárúbáwá di Bùráímọ̀ lẹ́nu wa. Ní Gánà, ó di Braimah. Ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ni ó ń kọ sílẹ̀.

Mo tún béèrè ìgbà tí ikú náà ṣẹlẹ̀. Màámi kò mọ ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Inú ààwẹ̀ ni, ààwẹ̀ tó tẹ̀lé òmìnira Gánà.” Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957 ni Gánà gba òmìnira. Mo ka oṣù àwọn Mùsùlùmí padà sẹ́yìn. Oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí. Oṣù kan péré ló kù tí mo ní láti yẹ̀ wò.

Nígbà tí mo padà lọ, mo rí i: Braimah Alata, oníṣòwò, ẹni ọdún 42, Lagos Town. Braimah pọ̀ ní Accra, nítorí náà n kò tíì yọ̀. Mo fi fóònù bi màámi ní orúkọ onílé wọn àtijọ́, láìsọ ohun tí mo rí. Orúkọ tí wọ́n dá ni orúkọ ẹni tó wá fi ikú náà sùn.

Oṣù kẹrin ni bàbá kú. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bí ọmọ. Mo ka ìwé náà fún àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olórí ẹbí gbà á, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Babátúndé, máa bọ̀ níwájú níbí.” Bọ̀ọ̀dá Túndé, arúgbó onírun funfun, dìde, wọ́n lọ jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbáà ṣe Yorùbá, Ígbò, Haúsá tàbí èdè mìíràn ni ẹ ń kọ́ni, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn bí a ṣe ń pè é nílé, pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìjọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe bi àgbà pé, “Ọdún wo ni?” Kí wọ́n bi wọ́n pé, “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà?” Ìwé wà nínú àpótí ìjọba, ẹnu àgbà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, àgbà kì í sì í dúró de ìgbà tó bá rọ̀ wá lọ́rùn.