Ilé Alámọ̀ Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Ó di ọdún mẹ́tàdínlógún nísinsìnyí tí a ti ń gbé inú ilé alámọ̀ kan tí bàbá bàbá wa kọ́ sí ìletò kan lẹ́bàá Lálúpọn, ní agbègbè Lágelú. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ń gbé ìgboro Ìbàdàn a máa bi wá léèrè pé kí ni ó dá wa dúró sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nígbà tí búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kún ọjà. Ìbéèrè náà kò bí wa nínú rárá. Ó tilẹ̀ yẹ kí a dáhùn rẹ̀, nítorí pé ní ọdún tí ó kọjá ó kù díẹ̀ kí ẹbí wa ta ilé náà fún ẹni tí yóò wó o. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì kan àwa nìkan. Ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ní irú ilé kan náà ní Akínyẹlé, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà.

Lókè ẹnu ọ̀nà ilé náà ni a fi sìmẹ́ńtì kọ 1927 sí, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọdún tí a parí rẹ̀. Owó kòkó ni a fi kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí owó irè oko, pàápàá ti kòkó, ti kọ́ Ilé Kòkó gogoro ní Dùgbẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1965. Àmọ́ sìmẹ́ńtì kò ju ti ojú ilé lọ. Amọ̀ ni gbogbo ògiri, wọ́n sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àgbà ń bẹ ọ̀wẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Wọn a wa ilẹ̀ pupa, wọn a da omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ po ó títí yóò fi fà bí iyán. Wọn a mọ ipele kan yí ilé ká, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí wọn tó mọ èkejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri a wó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ibi tí ìrẹ́ ara ògiri wa ti ṣí, ọmọdé lè ka àwọn ipele náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá ga kò lè wọ yàrá ẹ̀yìn láìtẹríba. Àwọn ọmọ wa a máa sọ pé àwọn àgbà fi èyí kọ́ni ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yìn ilé náà dàgbà ju ti iwájú lọ. Koríko bẹẹrẹ ni a kọ́kọ́ fi bò ó, etí òrùlé sì ní láti wálẹ̀ púpọ̀ kí òjò má bàa na ògiri. Fèrèsé rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ará ìgbà náà ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kìkì oorun àti ẹrù ni wọ́n fi yàrá ṣe. Lókè yàrá náà ni àjà alámọ̀ wà, tí a tẹ́ sórí igi apá tí ikán kò lè jẹ. Bí iná bá jó koríko orí ilé, àjà yìí ni kì í jẹ́ kí ó ba ẹrù inú yàrá. Lónìí a ń fi í tọ́jú àgbàdo.

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá ń pa ènìyàn lóde, inú ilé wa a máa tutù. Ògiri tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ooru tètè là á kọjá. Èyí tí ó bá mu lọ́sàn-án ni ó ń tú jáde lóru, a sì máa dúpẹ́ fún un nígbà ọyẹ́. Nígbà tí ooru bá mú gan-an ẹ̀wẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń tẹ́ ẹní sí. Ní ìrọ̀lẹ́, páànù orí ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í ta páá, páá, bí ẹni pé ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn àlejò a dìde jókòó. A ti ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ pé irin a máa gùn díẹ̀ nínú oòrùn, a sì máa sún kì nígbà tí ó bá tutù, àti pé ìṣó tí ó dì í mú ni ó fi ń pariwo.

A kò dá nìkan gbé. Ọmọńlé wà lára ògiri, tí ń jẹ ẹ̀fọn àti kòkòrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa á nítorí wọ́n rò pé ó lóró, bẹ́ẹ̀ ni kò lóró rárá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ a máa wá lẹ ilé rẹ̀ mọ́ abẹ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, amọ̀ ni òun náà sì ń lò, ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń gbé e ní díẹ̀díẹ̀. Ní ti aláǹgbá, àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀: ògiri tí kò lanu, kò lè wọ̀ ọ́.

Ohun méjì ni ó tún wà níbẹ̀ tí owó kò lè rà. Èkíní ni ilà èédú tí ó wà lára ògiri yàrá tí a ń kó kòkó sí. Bàbá wa àgbà kò mọ̀wé; ilà kan fún àpò kan ni ó ń fà, ó sì ń dá ọdún kan sí ọ̀tọ̀ kúrò lára èkejì. Èkejì ni ojú oórì rẹ̀. Nínú yàrá rẹ̀ ni a sin ín sí ní ọdún 1951, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba wa, tí wọn kì í gbé òkú àgbà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn ti ń fẹ̀ bọ̀ wá bá àwọn abúlé, ilẹ̀ sì ti di wúrà. Ẹnìkan wá, ó fẹ́ ra ilé àti àyíká rẹ̀. A pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá wa. Ilé tálákà ni ilé amọ̀. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹ jẹ́ kí a tà á, kí olúkúlùkù fi ìpín tirẹ̀ kọ́ ilé gidi.” Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ kígbe pé òótọ́ ni.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, tí ó ti dàgbà gan-an, tí a bí sínú ilé náà, ni ó dá a lóhùn. Ó ní: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọba tí ilé rẹ̀ jó kò ta ilẹ̀ ààfin. Orí ilẹ̀ náà ni ó tún ilé kọ́ sí. Bí ẹ bá ta eléyìí, níbo ni ẹ ó gbé bàbá mi sí?” Kò sí ẹni tí ó lè fèsì.

Nígbà tí ó kàn wá, a sọ pé kì í ṣe òótọ́ pé ilé tálákà ni ilé amọ̀. Amọ̀ ni mọ́ṣáláṣí ńlá ti Djenné ní ilẹ̀ Màlì, tí a kọ́ ní ọdún 1907. Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti tún un rẹ́. Ní ẹkùn Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé amọ̀ wà tí wọ́n ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn ènìyàn pàtàkì sì ń gbé inú wọn. Nígbà tí Hinderer òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti aya rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, ilé alámọ̀ ni àwọn náà kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kọ́ tiwọn sí Kúdẹtì.

Ohun tí ń pa ilé amọ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Omi láti òkè ni èkíní, omi ní ìdí ògiri ni èkejì, àìgbé ènìyàn ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí ni ó sì burú jù, nítorí pé ẹni tí ń gbé inú ilé ni yóò rí i pé páànù kan ti ṣí kí òjò kejì tó rọ̀. A ti rí ilé tí ó lágbára tí ó wó láàárín òjò ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí a tì í pa. Ní ti sìmẹ́ńtì, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bíríkìlà kan gba ẹbí wa nímọ̀ràn láti fi í rẹ́ ògiri tí ó kọjú sí òjò. Ó ń dán gbinrin fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó là, omi gba ibẹ̀ wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ògiri wú, sìmẹ́ńtì sì ń ṣí lulẹ̀ bí èèpo igi. Amọ̀ a máa wú, a sì máa sún. Sìmẹ́ńtì kò lè bá a ṣe é. Amọ̀ ni ó yẹ kí a fi rẹ́ amọ̀, àti ẹlẹ́bọ́tọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, olórí ẹbí parí rẹ̀ pé a kò tà á mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé ẹnu kò tọ́jú ilé: bí kò bá sí ọ̀dọ́ kankan tí yóò gbé ibẹ̀, kí á má tan ara wa jẹ. Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan náà tí ó fẹ́ kí a tà á sọ pé bí a bá lè fẹ fèrèsé yàrá méjì, òun àti ìyàwó òun yóò wá gbé e. A fẹ̀ ẹ́. A pààrọ̀ páànù tí ó ti jẹ, a sì la ojú àgbàrá yí ilé ká. Ìyá wa àgbà ni ó ń kọ́ ìyàwó náà bí a ti ń po ẹlẹ́bọ́tọ.

Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, a kò sọ pé kí ẹ má kọ́ tuntun. Olúkúlùkù ni ó mọ agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wó o tàbí kí ẹ tó tà á, ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ẹ lé omi kúrò ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan; ẹni tí ó bá dá a tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, ẹ pe àwọn ọmọ yín wálé ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí ẹ fi ipele ògiri hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀.